Ta Ló Dúró Ti Àpótí Ìbò?

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ò ń múra àtidìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, bóyá o ti wo fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní No. Pablo Larraín ló darí rẹ̀, ó jáde ní 2012. A gbé e hàn fún àwọn ọ̀dọ́ kan níbí ní Tema, inú wọn sì dùn gan-an. Ní tèmi, ẹ̀hónú ni mo gbé délé.

Ìtàn Chile ni. Ọ̀gágun Pinochet gbàjọba níbẹ̀ ní 1973. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, 1988, ó bi àwọn ará ìlú bóyá kí òun tún lo ọdún 8 sí i: Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá. Ìhà kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 15 lórí tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́. Àwọn àgbà olóṣèlú fẹ́ fi àwọn tí wọ́n pa àtàwọn tí wọ́n dá lóró hàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń polówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á tún ba àwọn èèyàn ni. Òṣùmàrè, orin àti ẹ̀rín ló gbé jáde. Rárá borí pẹ̀lú ìdá 56 nínú 100.

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ nípa ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n fíìmù náà fo ibi tó le jù. Kí orin yẹn tó dé, àwọn kan ti ń lọ láti ilé dé ilé kí èèyàn lè forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n ní aṣojú káàkiri tó ń kó èsì jọ, wọ́n sì ka ti wọn lọ́tọ̀.

Àwa náà ti dìbò Rárá rí ní Ghana, ọdún 10 ṣáájú Chile. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, 1978, Ọ̀gágun Acheampong ní ká fọwọ́ sí UNIGOV: ológun, ọlọ́pàá àti ará ìlú ni yóò jọ ṣèjọba, láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti agbẹjọ́rò kọ̀ ọ́. William Ofori-Atta, Gbedemah àti Afrifa kó ara wọn jọ, wọ́n ń polongo Rárá. Adájọ́ Isaac Kobina Abban, kọmíṣánnà ètò ìdìbò, ní ibùdó ìdìbò gan-an ni kí wọ́n ti ka ìbò, lójú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ṣójà ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì sá pamọ́. Ìjọba kéde pé Bẹ́ẹ̀ ni ló wọlé. Ta ló fẹ́ já wọn nírọ́? Lóṣù keje ọdún yẹn, àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yọ Acheampong, kì í ṣe ìbò wa.

Ohun tí Abban torí ẹ̀ sá ti wá di òfin lónìí. Ibùdó rẹ ni wọ́n ti ń ka ìbò rẹ ní gbangba, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á sì fọwọ́ sí ìwé èsì tí gbogbo ayé ń pè ní pink sheet. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ti ya fọ́tò ìka tó ní yíǹkì, ó parí nìyẹn. Tí ọkọ̀ ìpolongo bá ń kọrin kọjá ní Community 1, máa jó o, èmi náà ń jó. Ṣùgbọ́n agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìdìbò ń parí. Tó o bá ti dìbò láàárọ̀, lọ jẹun, sinmi díẹ̀, kó o sì padà síbẹ̀ kí agogo márùn-ún tó lù. Mú ọ̀rẹ́ kan dání, torí kíka ìbò lè pẹ́.