Elégédé Ńlá Tàbí Elégédé Ọbẹ̀?

Láti ayébáyé ni àwọn Àwórì ti ń dáko ní Ọ̀tà. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko, láti Ọ̀tà títí dé Sàngó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ṣì ní igun kan lẹ́yìnkùlé tí ó tó gbin elégédé.

Àwọn kan gbà pé elégédé ràgàjì ni ó yẹ kí ènìyàn máa lépa. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàìnídìí. Ní ọdún 2023, Travis Gienger, ará Minnesota ní Amẹ́ríkà, gbé elégédé kan lọ sí ibi ìdíje ní California. Ìwọ̀n rẹ̀ ju 1,200 kílógíráàmù lọ. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rìnlélógún lọ! Sùúrù àti ìmọ̀ ni ó mú un tóbi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbin irú èyí a máa já àwọn ọmọ yòókù dànù, kí oúnjẹ gbogbo ìtàkùn lè jẹ́ ti ọ̀kan ṣoṣo. Elégédé bẹ́ẹ̀ kì í sì í dùn tó èyí tí ó mọ níwọ̀n. Ìwòran kì í yó ni.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oúnjẹ ni elégédé. Ewé rẹ̀, gbọ̀ọ̀rọ̀, jẹ́ ẹ̀fọ́ gidi, èso rẹ̀ sì ṣe é sè jẹ. Ìyá tí ọjà wọ́n lójú rẹ̀ lè já gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ó fi se ọbẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Ọgbọ́n àwọn olùdíje ni ó yẹ kí ènìyàn yá lò. Òdòdó elégédé ní akọ àti abo. Èyí tí ọmọ kékeré wà nídìí rẹ̀ ni abo. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń là. Bí oyin kò bá bà lé e, ọmọ náà yóò rọ dànù. Nítorí náà, olóko tí ó gbọ́n a já òdòdó akọ, a sì fi àtíkè inú rẹ̀ kan inú abo.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Sàngó ṣọ́ra: ibi tí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń gbà kọjá kì í ṣe ibi ọgbà. Òjé àti májèlé mìíràn lè ti inú ilẹ̀ bá ẹ̀fọ́ wọ inú ìkòkò. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò dá lójú, kí ó kó erùpẹ̀ tí ó mọ́ sínú àpò, kí ó gbìn ín síbẹ̀.

Elégédé mẹ́rin tí ó bọ́ ìdílé sàn ju ọ̀kan tí gbogbo àdúgbò wá wò lọ. Ọwọ́ ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe.