Ilé Lugard: Òkúta Kò Jẹ̀bi, Ìtàn Ni Kí A Tún Sọ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ní Lọ́kọ́ja tí mo ń gbé, àrọ́bá ti fẹ́ lé ìtàn kúrò nílé.

Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé orí Òkè Patti ni Flora Shaw dúró sí, tí ó wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tí ó sì sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin náà ti dá orúkọ yìí lábàá ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní ọdún 1897. Ọdún 1902 ni ó tó di aya Lugard.

Nítorí irú ìtàn báyìí, àwọn kan ń fẹ́ kí a pa gbogbo ohun tí Lugard fi sílẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, àti pé ó jẹ́ ìtìjú pé Lugard House ni a ṣì ń pe ilé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wó ilé, irọ́ kò ní bá a wó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa ní Kùtọnu. Lábẹ́ ìjọba Kérékou, tí ó kéde ní ọdún 1974 pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni òun yóò tọ̀, wọ́n gbé ìràwọ̀ pupa kalẹ̀ sí oríta ńlá kan. Ní ọdún 1989, wọ́n kọ ọ̀nà náà sílẹ̀. Síbẹ̀, Étoile Rouge ni èrò ṣì ń dárúkọ fún ọlọ́kadà, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ìyẹn júbà Lenin. Ará ìlú ti gba àmì náà di tiwọn.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irin méjì kan wà nílẹ̀ ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni ó yẹ kí ó kọjá níbẹ̀ láìdúró? Ẹrú ni wọ́n mú Àjàyí Crowther ní Òṣóògùn ní ọdún 1821. Ní ọdún 1841, ó bá ọkọ̀ ojú omi gòkè Ọya dé agbègbè yìí gẹ́gẹ́ bí òmìnira.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba: ẹ fi ilé àti òkúta sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ òtítọ́ sí ara wọn ní Yorùbá, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Núpé àti Haúsá. Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo ń ṣe ti kọ́ mi pé ìtàn tí a sọ ní èdè ẹnìkan ṣoṣo, ẹnìkan náà ni yóò máa dá láre. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ìjọba. Bí ẹ bá mú ọmọ gun Òkè Patti, ẹ mú un dé ìdí Irin Òmìnira pẹ̀lú.