Ìbéèrè Ọmọdé Lórí Òòfà

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a mú wá sí ojú ìwé yìí. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà, àwòrán òòfà ni a yà sí ojú pátákó. Ọmọ kan dìde, ó ní, “Bí a bá ń gé òòfà sí wẹ́wẹ́, ìgbà wo ni kò ní jẹ́ òòfà mọ́?” A ní kí ó jókòó. Ojú ń tì wá títí di òní, nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ń wádìí.

Átọ̀mù irin kọ̀ọ̀kan pàápàá jẹ́ òòfà kékeré. Nínú irin òòfà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n kọjú sí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun mìíràn wà tí átọ̀mù inú wọn ń fẹ́ kọjú sí òdìkejì ibi tí aládùúgbò rẹ̀ kọjú sí. Bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá to ara wọn ní onígun mẹ́ta, ọ̀rọ̀ dojú rú: èkíní kọjú sókè, èkejì kọjú sílẹ̀, ẹ̀kẹta kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Irú àìrójú bẹ́ẹ̀ a máa bí ohun àrà. Àwọn átọ̀mù náà lè máa yí díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi ya àwòrán tí ń yí po bí ààjà. Skyrmion ni orúkọ rẹ̀, láti ara Tony Skyrme, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nínú òòfà ní 2009. Ní 2019, àwọn ará Jàpáánì rí i nínú àdàlù gadolinium, palladium àti silicon, níbi tí àwọn átọ̀mù gadolinium ti to ara wọn ní onígun mẹ́ta. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nanomita méjì sí mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni nanomita 1,000,000 ni ó wà nínú mílímítà kan. Nítorí pé kì í tètè tú, wọ́n ń retí pé a ó lè fi í tọ́jú ìmọ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan yóò wí pé, kí ni èyí kan ọmọ kékeré? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tí ó dúró lórí ilẹ̀, tí ń na ọwọ́ sókè tàbí sílẹ̀, lè fi ọ̀ràn yìí hàn. Òòfà kò sì wọ́n: ó wà nínú sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́, àwọn tí ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀ ní i. Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, dojú kọ Agbowó gan-an. A lè gbé ìbéèrè tí ó ju agbára wa lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún fi àwòrán nìkan kọ́ni ní òòfà mọ́. Bí a kò bá mọ ìdáhùn, kí a wí fún ọmọ pé, “Jẹ́ kí a jọ wádìí.” Ọlọ́run tí ó fi ìbéèrè sí ọmọ náà lọ́kàn kò rán wa láti pa á lẹ́nu mọ́.