Asẹ́ Ẹ́ńjìnnì Wọ́n, Àmọ́ Yíyọ Ọ́ Dànù Wọ́n Jù Ú Lọ

  

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni. Àwa ní ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni. Ta ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ ata àti èlùbọ́ ní Ìpòtì? Àwa náà ni. Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí omi tútù àti ẹja inú fíríìsà? Àwa ni. Ta ló ń háyà bọ́ọ̀sì àti píkọ́ọ̀pù tó ń kó iṣu, gààrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Ìjerò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n, Adó, títí dé Iléṣà? Àwa ni. Ọ̀kadà tó ń gbé ẹrù wa bọ̀ láti oko ńkọ́? Owó tiwa ló fi ń rìn. Gbogbo wọn pátá ló ní ohun kékeré kan lára tó ń gba eruku sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní fítà. Àwa á máa pè é ní asẹ́ afẹ́fẹ́, torí iṣẹ́ asẹ́ náà ló ń ṣe.

Asẹ́ yìí ti wọ́n, ohun tó sì fà á kò fara sin. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ tí à ń lò ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Ní 14 oṣù kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sọ. Kí ó tó di ọjọ́ náà, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, tó wá ń tà á ní Ìjerò, á fi owó ọkọ̀ lé e. Epo tí ọkọ̀ náà sì ń mu, ìwọ̀n ₦190 ni lítà rẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ju ₦480 lọ.

Nígbà tí nǹkan ti le báyìí, ọgbọ́n tí àwọn kan dá ni pé kí wọ́n yọ asẹ́ náà sọnù, kí ẹ̀rọ máa mí bó ṣe wù ú. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ẹ̀ rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ikán ń jẹ àjà ilé rẹ̀ náà ṣì ń sùn nínú ilé ọ̀hún, títí di ọjọ́ tí àjà bá já lé e lórí. Èrò tiwa ni pé nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dín ìnáwó asẹ́ kù, yíyọ ọ́ dànù ló wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì kì í jó epo nìkan, ó ń da afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọn ni. Lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo ń fẹ́ nǹkan bí 9,000 lítà afẹ́fẹ́ kí ó tó lè jó dáadáa. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí a fi ń ta epo pupa. Irú rẹ̀ 360 tó kún fún afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń gbé mì lórí lítà epo kan. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa bá bo ewé kòkó lẹ́bàá ọ̀nà, kí ni ẹ rò pé ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà? Iyanrìn ni, tó kúnná bí èlùbọ́. Bó bá wọlé, á bá ọ́ìlì pò, á di ohun tó dà bí òkúta ìpọ́nbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ha rínǹgì àti ara sílíńdà. Tó bá yá, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, èéfín á máa rú, agbára rẹ̀ á máa dín kù, a ó sì gbọ́ pé ó ti nọ́ọ̀kì. Owó tí wọ́n ń gbà láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe kì í ṣe ẹgbẹ́ owó asẹ́ rárá. Ẹ̀rọ tí ẹnìkan sì fi owó àjọ rà, tàbí tó yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rà, gbèsè rẹ̀ kò ní í dúró nítorí pé ẹ̀rọ kú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Nígbà mìíràn, jẹnẹrétọ̀ máa ń sín, iná á ta padà gba ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́. Bí asẹ́ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ó máa ń dí iná náà lọ́nà. Bí kò bá sí ńkọ́? Ẹ mọ ohun tó wà láyìíká: ọ̀rá, páálí, aṣọ, kẹ́ẹ̀gì epo. Ta ló fẹ́ kí iná ọjà bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀?

Kí wá ni ṣíṣe? Ọ̀nà kan ò wọjà, asẹ́ náà kì í sì í ṣe oríṣi kan. Ẹni tó ń ṣe ògì mọ̀ pé aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, omi la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ku èlùbọ́ mọ̀ pé ajọ̀ kì í rí omi, gbígbọ̀n la ń gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì rí, oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

1. Asẹ́ oní-fóòmù. Òun ló wà lára jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Èyí ṣeé fọ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ rọra fún un, ẹ má ṣe lọ́ ọ bí ẹni lọ́ aṣọ. Ẹ sá a síbi tí kò sí oòrùn líle títí tí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ fún èyí tó bá pọ̀ jù kúrò. Ọ́ìlì náà ló ń mú eruku. Títí fóòmù náà á fi gbó, ọṣẹ àti ọ́ìlì díẹ̀ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

2. Asẹ́ ọlọ́ìlì. Ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dísẹ́lì ńlá tí a fi ń lọ ata. Abọ́ kan ni, ọ́ìlì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wáyà wẹ́wẹ́ wà lókè. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gbá ọ́ìlì, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì tó bá ti nípọn nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ wáyà rẹ̀ níbi tó jìnnà sí iná, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ wá bu ọ́ìlì tuntun sí i dé ojú àmì. Kó má kọjá àmì o, torí ẹ́ńjìnnì lè fa ọ́ìlì náà mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ èlùbọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń wọ asẹ́ ju eruku ọ̀nà lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Irú asẹ́ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gùn, òun ló wà nínú wọn. Wọn kì í lọ ra asẹ́ tuntun. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ó parí.

3. Asẹ́ oníbébà. Èyí ló wà nínú bọ́ọ̀sì àti mọ́tò tí à ń wọ̀ lónìí, òun náà ló ń ná wa lówó jù. Bébà tí wọ́n ká jọ ni, kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ bẹntiróòlù. Ẹni tó bá fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ ti ba bébà rẹ̀ jẹ́, ó sì ti pe iná wá sílé. Gbígbọ̀n ni kí ẹ gbọ̀n ọ́n, tàbí kí àwọn tó ń fẹ́ táyà fi atẹ́gùn tí kò le fẹ́ ẹ láti inú wá sí ìta. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ láti ìta, eruku á túbọ̀ wọnú bébà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá hàn yí ká, ó ṣì wúlò. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, tàbí tí ẹ rí ojú ihò kan ṣoṣo, ẹ ra òmíràn.

Nípa ti tọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ jẹ́ ká fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní "ẹ pààrọ̀ fítà" la gbọ́dọ̀ sáré sanwó. Wọ́n máa ń dẹ́rù bà wá pé asẹ́ tó dọ̀tí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo. Ní 2009, ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán an wò. Wọ́n rí i pé nínú ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn epo, asẹ́ tó dí kò jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo jù ti tẹ́lẹ̀, eré rẹ̀ ló dín kù. Ọkọ̀ àtijọ́ oní-kabúrétọ̀ ló lè jẹ epo sí i bí asẹ́ bá dí gan-an. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó tú àpò.

Àwọn ọgbọ́n kan wà tí kò lérè. Ẹni tó gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sínú jẹnẹrétọ̀, kì í pẹ́ tí á fi máa rún, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa èérún rẹ̀ mu. Ẹni tó ra asẹ́ tòkunbọ̀, eruku onílùú ló fowó rà. Asẹ́ olówùú tí a lè fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà wà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ K&N ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ti oníbébà. Ẹni tó fẹ́ lo ọkọ̀ kan pẹ́ ló yẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ àwa àti àwọn awakọ̀. Bí a bá ń ná owó ọkọ̀ wálẹ̀ títí tí awakọ̀ kò fi rí owó asẹ́ yọ, àwa náà la ó jìyà rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dákú. Tòmátò àti ata rodo kì í dúró de mẹkáníìkì. Kí ọkọ̀ bàjẹ́ sọ́nà lálẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́ ní Èkìtì, níbi tí wọ́n ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní 29 oṣù kìíní 2024.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní asẹ́ kan jẹ́ ₦10,000, ká sì ní ó lo ọdún kan. Ọjà tí à ń ná lọ́rọọrún á tó 91 lọ́dún. Ẹ pín in, nǹkan bí ₦110 ló bọ́ sí lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí èrò mẹ́wàá bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ₦11 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ni nínú wa ni ₦11 wúwo jù fún, tí á fẹ́ kí ẹrù òun sun ojú ọ̀nà?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kó ṣe. Àkọ́kọ́, kí a kọ orúkọ àti ìwọ̀n asẹ́ tí ẹ̀rọ wa ń lò sílẹ̀, kí a rán ènìyàn kan lọ rà á lápapọ̀ n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, kí a pín in fún ara wa ní iye tí a rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀ nìkan. Èkejì, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ á jọ fọ asẹ́, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, kí àwọn aṣáájú wa bá ẹgbẹ́ awakọ̀ sọ ọ́: ọkọ̀ tí a bá háyà, kí asẹ́ wà nínú rẹ̀, àwa náà ò sì ní í ná an ní ìná-kúná.

Ẹlòmíì á ní owó ẹgbẹ́ kò wà fún ẹ̀yà ọkọ̀. A gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ẹnìkan nínú wa bá kú, ṣé ẹgbẹ́ kọ́ ló ń wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀? Owó tí à bá fi tù ú nínú, ẹ jẹ́ ká fi dáàbò bo ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó kú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀rọ wa kò ní í dákú, ọkọ̀ wa kò ní í sun ọ̀nà, ajé á wọ igbá wa o. Àṣẹ.