Èbù Ni Ó Yẹ Kí Á Pè É: Lórí Orúkọ Fún Ìpìlẹ̀ Àpamọ́wọ́ Owó Orí Kọ̀ǹpútà

Ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà-Àkókó, àgbẹ̀ oníṣu kì í ka èbù mọ́ oúnjẹ. Bí ó ti wù kí iṣu wọ́n tó nílé, èbù ọdún tí ń bọ̀ wà lọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá sè é jẹ ti jẹ oko tí kò tíì kọ. Nínú ìmọ̀ yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí ti wá orúkọ fún ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń lò lónìí.

Owó orí kọ̀ǹpútà, irú bíi bitcoin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kì í gbé inú fóònù rárá. Inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú ni ó wà. Àwọn nọ́ńbà àṣírí tí ó fún olówó láṣẹ láti ná an ni àpamọ́wọ́ ń pa mọ́, láti ara ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ti ń hù jáde. Ìlànà BIP-39, tí ó jáde ní 2013, ni ó jẹ́ kí á lè kọ ìpìlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24, tí a ṣà láti inú 2,048.

Bí ògbufọ̀ bá pe ìpìlẹ̀ yìí ní “ọ̀rọ̀ ìpamọ́”, ó ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ẹni tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìpamọ́ lè gba òmíràn ní ilé-ìfowópamọ́. Ti ibí yìí kò ní ọ́fíìsì. “Kọ́kọ́rọ́” náà kò tó, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo yìí ni ó ń bí kọ́kọ́rọ́ púpọ̀. “Irúgbìn” súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n igi tí ó hù láti inú kóró lè yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Èbù kò rí bẹ́ẹ̀. Ara iṣu ni a ti gé e. Èbù ewùrà kì í hu ìgangán. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 12 kan náà, bí a bá fi wọ́n sínú fóònù mìíràn lábẹ́ ìlànà kan náà, ṣe ń mú àwọn kọ́kọ́rọ́ àti àdírẹ́sì àtijọ́ jáde lẹ́sẹẹsẹ. Bí fóònù bá sọnù, oko kò tíì bàjẹ́.

Orúkọ yìí yóò tún ran olùkọ́ lọ́wọ́ lórí àdírẹ́sì. Ẹni tí ó bá rò pé àdírẹ́sì dà bí ojúlé yóò máa lo ẹyọ kan títí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè ka gbogbo owó bitcoin tí ó ti gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí ó dára ni kí á máa lo tuntun fún owó kọ̀ọ̀kan. Ìtàkùn iṣu kan a máa yọ ewé púpọ̀, èbù kan náà ni ó sì ni gbogbo wọn.

Àwọn kan lè sọ pé ọmọ ìgboro kò mọ èbù. Ìyẹn kò tó ìdí láti ju ọ̀rọ̀ náà nù. Kí wọ́n kọ́ ọ ni. Àléébù gidi wà níbòmíràn: àgbẹ̀ lè fún àna rẹ̀ ní èbù kí oko tirẹ̀ má dín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi èbù yìí han ẹlòmíràn ti fi gbogbo oko lé e lọ́wọ́. Dandan ni kí olùkọ́ sọ èyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè nìkan. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí àwọn ilé-ìfowópamọ́ ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ó dẹ àṣẹ náà. Nígbà ìdènà àti lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ilé-ìfowópamọ́ tí ó lè dá èbù tí ó sọnù padà. Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 àti ti 1990 fi ìṣọ́ra ńlá dárúkọ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ dé ibi tí orúkọ tí kò péye ti lè sọ ènìyàn di òtòṣì.