Ẹ Má Sọ Ikú Fágúnwà Di Àlọ́

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìtàn kan wà tí àwa ọmọdé máa ń sọ fún ara wa nípa ikú D. O. Fágúnwà. A ní àwọn iwin ló gbé e wọ inú odò lọ, nítorí pé ó tú àṣírí wọn síta nínú ìwé rẹ̀. Ìtàn náà dùn mọ́ wa, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá. Àgbà ti dé, mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé, lọ́jọ́ tí àwọn onífíìmù wa bá fẹ́ fi ìgbésí ayé òǹkọ̀wé ọmọ Òkè-Igbó yìí ṣe eré, ìtàn iwin yìí gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Fíìmù nípa àwọn òǹkọ̀wé wa sì ti ń jáde. Ní ọdún 2024, a rí The Man Died, tí Awam Amkpa darí, tí Wale Ojo sì kó ipa Wọlé Ṣóyínká nínú rẹ̀. Àtìmọ́lé tí wọ́n fi Ṣóyínká sí láti 1967 di 1969 ni fíìmù náà dá lé. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ, ẹni tó ni ìtàn wà láàyè. Ọdún náà gan-an ni ó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì lè la ẹnu rẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́. Fágúnwà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́. Àkọsílẹ̀ nìkan ló kù tí ó lè gbèjà rẹ̀.

Kí wá ni àkọsílẹ̀ wí? Ní oṣù December 1963, Fágúnwà rin ìrìn-àjò lórúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Heinemann, ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé jáde. Ó fẹ́ sọdá odò ní Wuya, nítòsí Bida. Níbẹ̀ ni ó ti ṣubú sínú omi, tí ó sì kú. Òṣìṣẹ́ kan ló kú lẹ́nu iṣẹ́ ìwé. Bí a bá di ẹ̀bi náà ru iwin, a ti sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìwé kíkọ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó pa á. A kò sì ní béèrè mọ́ bí etídò àti èbúté wa ṣe rí, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ṣì ń bá omi lọ títí di òní.

Àwa ará ìhà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀ṣẹ́ kò kórìíra ìtàn ìwáṣẹ̀. Lọ́dọọdún, ọdún Ìgogò ń wáyé ní Ọ̀wọ̀ ní ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ẹni tí ìtàn sọ pé ó fi ìbínú wọ igbó lọ nígbà tí wọ́n da èèwọ̀ rẹ̀. Ìtàn náà ní Igbó'Làjà ni ọ̀já rẹ̀ bọ́ sí. Ní Igbó'Làjà yìí kan náà ni Ekpo Eyo ti hú àwọn ère amọ̀ jáde ní 1971, àwọn onímọ̀ sì kà wọ́n sí iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí a hú kò pa ọdún Ìgogò rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n di ẹ̀rí ohun tí a hú. Kálukú dúró sí àyè tirẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé fíìmù kì í ṣe ìwé ìtàn, pé eré gbọ́dọ̀ ní adùn. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn Fágúnwà ní alẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Kí onífíìmù rò ó bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀, kí ó má yí i padà. Ṣé adùn ni wọ́n ń wá? Oròwọlé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ di Kìrìsìtẹ́nì, ó wá ń jẹ́ Olórúnfẹ́mi. Láàárín orúkọ méjèèjì yìí, ìjà ọkàn tó tó fíìmù kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà sì jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1938, ìwé tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ adùn èdè Yorùbá. Kí ni a tún fẹ́ kí iwin wá bù kún un?

Mo bẹ àwọn onífíìmù wa: kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, kí wọ́n lọ sí Òkè-Igbó, kí wọ́n kàn sí ẹbí rẹ̀, kí wọ́n sì ka ohun tí àwọn onímọ̀ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ nípa rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fi àròsọ kún un, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí òǹwòran mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní Ifọ̀n àti ní Ìdóàní náà, bí ọmọ bá béèrè ohun tó pa Fágúnwà, ẹ sọ òótọ́ fún un. Inú ìwé Fágúnwà ni iwin ń gbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀.