Abéèrè Kì Í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Àgbà Tí Ó Fẹ́ Wọ Yunifásítì

Láyé àtijọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí ni a fi ń mọ ẹni tí ó ṣáájú nínú ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n tí ó bá lọ kọ́ Ifá yóò jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọdé, bí ọmọdé náà bá sì ti mọ Èjì Ogbè kí òun tó dé, ọmọdé náà ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú agbo ilé: ìyàwó tí a gbé wọlé lẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ dàgbà ju ìyálé rẹ̀ lọ, ó mọ̀ pé ìyálé ni ìyálé ń jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n apá kejì wà nínú àṣà yìí. Àgbà tí ó pẹ́ kí ó tó dé kò lè torí irùngbọ̀n rẹ̀ fo ẹsẹ Ifá kan kọjá. Bí ọmọdé ṣe kọ́ ọ ni òun náà yóò kọ́ ọ, kí ọ̀gá tó gbà pé ó yege.

Apá méjèèjì ni ó yẹ kí àwọn àgbà tí ó fẹ́ wọ yunifásítì lóde òní gbé yẹ̀ wò, pàápàá àwọn tí ń gbé ní Mowe, Ibafo àti Ifo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú àwọn tí ń jí lọ sí Èkó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìlú wọ̀nyí: oníṣòwò, aránṣọ, awakọ̀, akọ̀wé ilé iṣẹ́, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì kò sì jìnnà sí wọn. Ẹ̀gbẹ́ Mowe ni Redeemer's University ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Mountain Top University, tí ó gba àṣẹ ìjọba ní 2015, wà ní Makogi Oba nítòsí Ibafo. Ọgbà kan lára ti Olabisi Onabanjo University wà ní Ibogun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbà ń rí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí a fi ń ṣí i.

Ìtìjú ni ohun àkọ́kọ́ tí ń dá wọn dúró, kò sì ní ìdí nínú òfin bí kò ṣe ní ìdí nínú àṣà. Àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, ní ìlànà fún ẹni tí ó kéré jù: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ni kò gbọdọ̀ wọlé, bí kì í bá ṣe pé ẹ̀bùn rẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀. Kò sí ìlànà kankan tí ó sọ pé ẹnì kan ti dàgbà jù. Àwọn tí ń bẹ̀rù iṣẹ́ agùnbánirọ̀ nítorí ọmọ àti ilé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún 30 nígbà tí ó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni a ń fún un. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ bíbí Ibogun-Olaogun, ṣe olórí orílẹ̀-èdè tán ní 2007 kí ó tó jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní National Open University. Ó ti pé ọmọ ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì níbẹ̀ ní 2018. Bí ìyẹn kò bá tijú, kí ni aránṣọ ọmọ ogójì ọdún ń tijú sí?

Àṣìṣe kejì ni ó ń gbówó lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé ẹ̀kọ́ ìgbáradì ọlọ́dún kan, irú bíi JUPEB àti IJMB, lè rọ́pò ìwé-ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí yunifásítì ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, tí a gbà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí a jókòó ṣe ìdánwò, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọdọ̀ wà nínú wọn. Ìṣirò náà jẹ́ dandan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní oṣù kẹwàá 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé a kò ní fi kírẹ́díìtì rẹ̀ ṣe dandan mọ́ fún àwọn tí ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè àti ìtàn. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni JUPEB àti IJMB dúró lé. Ẹni tí ó bá yege nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí ó yàn níbẹ̀ lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, kí ó sì wọ ọdún kejì ní yunifásítì tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí náà. Ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì márùn-ún, òrùlé ni ó ń kàn sórí ilé tí kò ní ògiri.

Ibo ni àṣìṣe yìí ti wá? Apá kan rẹ̀ ti òkè òkun wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìparí àwọn ọdún 1970, ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Access fún àgbà tí kò rí ilé ìwé lọ dáadáa nígbà èwe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó gba ibẹ̀ di nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n tí ó gba ọ̀nà yẹn yóò tẹ àbúrò rẹ̀ ní Ibafo láago pé ọdún kan péré ni. Òótọ́ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni. Lọ́hùn-ún, a dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí. Níhìn-ín, ẹni tí ó ti ní i ni a dá tiwa sílẹ̀ fún. Níbẹ̀ pàápàá, àwọn yunifásítì kan ṣì ń béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò lọ́tọ̀.

Nítorí náà, láti ìdí ni a ti ń gun igi. Ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò pé, kí ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò aládàáni tí WAEC àti NECO ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹni tí tirẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, National Open University kì í béèrè ìdánwò JAMB lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì ní 1984, tí a sì tún ṣí ní 2002, ní ibùdó ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ tí ó ní NCE lè gba Direct Entry láìṣe JUPEB rárá. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yunifásítì fúnra rẹ̀ ni kí a ti béèrè, kí a sì gba èsì ní kíkọ sílẹ̀, kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn àwọn àgbà nìkan. Ní Ghana àti ní Makerere ní Uganda, ìdánwò àkànṣe wà fún àgbà tí ó ti pé ọdún 25, kí a lè wo ohun tí ó mọ̀ nísinsìnyí, kì í ṣe ohun tí ó gbàgbé nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún 17. Kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ yìí láti ro ti àgbà: láti 1949 ni yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn ará ìta. Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gbangba, kí ìdánwò rẹ̀ sì le tó ti ọmọdé. Àwọn olùkọ́ ìlú wọ̀nyí náà lè ṣe kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Kí ìyẹn tó dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àgbà tí ó gbé báàgì ìwé ṣe ẹlẹ́yà. Kí àgbà náà má sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Yóò jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọdé, yóò sì ka ẹsẹ rẹ̀ pé.